Oògùn, Májèlé Àyíká àti Ẹ̀dọ̀ Wa: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ fún àwọn lẹ́tà yín. Nínú ẹ̀dà tó kọjá ni mo ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe dá lórí ohun méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò pọ̀: àwọn kẹ́míkà olóró tó ń ba afẹ́fẹ́, omi àti ilẹ̀ jẹ́, àti ọ̀nà tí ara wa ń gbà yí oògùn padà kí ó tó lé e jáde. Ìbéèrè tó tẹ̀lé e pọ̀ ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ, nítorí náà mo ti pa àwọn tó jọra pọ̀, mo sì dáhùn àwọn tó lè kan ènìyàn púpọ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó yé mi pé èéfín àti oògùn apakòkòrò lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ohun tí kò yé mi ni bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe kan oògùn tí dókítà kọ fún mi. Ṣé kì í ṣe ọ̀tọ̀ ni oògùn, ọ̀tọ̀ ni májèlé?

Ìdáhùn: Lójú tiwa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Kò mọ̀ pé dókítà ló kọ ọ̀kan fún wa, kò sì mọ̀ pé ńṣe ni èkejì bá afẹ́fẹ́ wọlé. Àlejò tí ara kò ṣe fúnra rẹ̀ ni àwọn méjèèjì, ohun kan náà ló sì ń mú kí wọ́n ṣòro láti lé jáde: púpọ̀ nínú wọn ń yòrò nínú ọ̀rá ju bí wọ́n ṣe ń yòrò nínú omi lọ. Nítorí pé wọ́n ń yòrò nínú ọ̀rá, wọ́n lè gba inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì kọjá, èyí ló sì ń jẹ́ kí oògùn dé ibi tí àrùn wà. Ṣùgbọ́n nítorí ìdí yìí kan náà, bí kíndìnrín bá ti sẹ́ wọn sínú omi tí yóò di ìtọ̀, wọ́n á tún yọ́ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Àfi kí ara kọ́kọ́ yí wọn padà sí ohun tí omi lè gbé lọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ara ń ṣe èyí. Ní ọdún 1842, ní Jámánì, Wilhelm Keller gbé benzoic acid mì, ó sì yẹ ìtọ̀ ara rẹ̀ wò. Hippuric acid ló bá níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ ti so nǹkan mìíràn mọ́ ohun tó gbé mì kí ó tó tì í jáde. Nígbà tó fi di àárín ọ̀rúndún tó kọjá, R. T. Williams, tó ṣiṣẹ́ ní London, ti ṣàlàyé pé ìpele méjì ni iṣẹ́ náà sábà máa ń ní. Ní ìpele àkọ́kọ́, ẹ̀dọ̀ á kan ọ̀sígínì mọ́ ara kẹ́míkà náà, tàbí kí ó ṣí ojú kan sílẹ̀ lára rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ní ìpele kejì, yóò so ohun tó fẹ́ràn omi mọ́ ojú yẹn, irú bíi glucuronic acid, sulphate tàbí glutathione, lẹ́yìn èyí ni kíndìnrín tàbí òróòro á gbé e jáde.

Ọ̀wọ́ ẹ́ńsáìmù kan (ẹ́ńsáìmù ni purotéènì tó ń mú kí kẹ́míkà tètè yí padà nínú ara) tí à ń pè ní cytochrome P450 ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìpele àkọ́kọ́. Tsuneo Omura àti Ryo Sato, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló sọ ọ́ ní orúkọ yìí ní ọdún 1962. Jíìnì 57 tó ń ṣiṣẹ́ ni ènìyàn ní fún ọ̀wọ́ ẹ́ńsáìmù náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló ń ru ẹrù oògùn. Ọ̀kan ṣoṣo, CYP3A4, ló ń dá sí ọ̀rọ̀ bí ìdajì àwọn oògùn tí à ń lò. Àwọn díẹ̀ yìí kan náà ni èéfín, oògùn apakòkòrò àti kẹ́míkà iléeṣẹ́ ń bá pàdé nígbà tí wọ́n bá dé ẹ̀dọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí ni pé agbára ẹ̀dọ̀ láti ṣe iṣẹ́ yìí kì í dúró sójú kan. Kẹ́míkà kan lè dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́, kí oògùn máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ó tún lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀: bí kẹ́míkà kan bá ń wọlé lemọ́lemọ́, ẹ̀dọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńsáìmù púpọ̀ sí i láti kojú rẹ̀, oògùn tó bá sì tọ̀ ọ́ wá nígbà náà yóò yára pòórá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, L. G. Hart àti J. R. Fouts pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà rí èyí kedere. Hexobarbital, oògùn oorun, ni wọ́n ń fún eku, tí wọ́n sì ń wo bí oorun náà ṣe ń pẹ́ tó. Oorun àwọn eku náà wá kúrú sí ti tẹ́lẹ̀. Oògùn kò yí padà, irú eku kò yí padà. Chlordane tí a fọ́n sí yàrá wọn láti pa kòkòrò ni ohun tuntun tó wọlé. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀ọ́mọ̀ fún eku ní chlordane, àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ wọn fi hàn pé àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń tú oògùn palẹ̀ ti lágbára sí i gidigidi. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá sọ́dọ̀ mi, nítorí pé ó kọ́ wa láti máa wo yàrá tí aláìsàn ń gbé, kí ojú wa má baà mọ sórí oògùn nìkan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí eku ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn náà. Ní ọdún 1969, Birgitta Kolmodin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fara kan DDT àti lindane lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fún wọn ní antipyrine, oògùn tí àwọn olùwádìí máa ń fi díwọ̀n agbára ẹ̀dọ̀, wọ́n sì rí i pé oògùn náà yára kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ju ti àwọn tí kò fara kan oògùn apakòkòrò lọ. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún aláìsàn. Ẹni náà ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, kò fo ọjọ́ kan, síbẹ̀ àrùn kò lọ, dókítà sì lè máa rò pé kò lo oògùn náà bó ti yẹ. Ní ti àwọn oògùn tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ń sọ wọ́n di alágbára, bí codeine tí ẹ̀dọ̀ ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di morphine, òdìkejì ló lè ṣẹlẹ̀: bí ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe iṣẹ́ náà bá ní ìdíwọ́, ìrora kò ní lọ.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ń lo clozapine fún àìsàn ọpọlọ, ó sì ti ń gbádùn. Láti ìgbà tó ti jáwọ́ nínú sìgá mímu ni oorun ti ń kùn ún tọ̀sán-tòru, tí itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní sìgá tó fi sílẹ̀ ló fà á, ó sì dín ìwọ̀n oògùn rẹ̀ kù. Ọ̀rọ̀ yìí rú wa lójú. Báwo ni fífi ohun búburú sílẹ̀ ṣe lè di àìsàn?

Ìdáhùn: Dókítà yín mọ iṣẹ́ rẹ̀, inú mi sì dùn pé ó tètè fura. Gbogbo ohun tí kò bá jó tán, ì báà ṣe taba, igi, èédú tàbí epo ọkọ̀, máa ń tú àwọn kẹ́míkà kan jáde tí à ń pè ní polycyclic aromatic hydrocarbon. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni purotéènì kan wà, Ah receptor, tí Alan Poland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹ̀rí rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ eku ní ọdún 1976, nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí dioxin, kẹ́míkà olóró kan, ń dì mọ́. Bí kẹ́míkà inú èéfín bá ti dì mọ́ purotéènì yìí, yóò wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì lọ, yóò sì mú kí ara ṣe ẹ́ńsáìmù CYP1A2 lọ́pọ̀ yanturu. CYP1A2 yìí gan-an ló ń tú clozapine palẹ̀.

Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí àbúrò yín fi ń mu sìgá, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń yára lé clozapine jáde, ìwọ̀n tí dókítà fi mú un balẹ̀ sì ti ní ti èéfín nínú. Nígbà tí sìgá dúró, ẹ́ńsáìmù tó lé náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù kíákíá. Ìwádìí tí a ṣe lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ fi hàn pé ìdajì agbára tó lé náà ti máa ń lọ láàárín nǹkan bíi wákàtí 39. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìwọ̀n oògùn tó tọ́ fún un tẹ́lẹ̀ ti di àpọ̀jù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún olanzapine, oògùn àìsàn ọpọlọ mìíràn, àti fún theophylline tí àwọn tó ní àìsàn èémí máa ń lò.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun méjì sí i. Àkọ́kọ́ ni pé nicotine kọ́ ló ń ṣe èyí, èéfín ni, nítorí náà ẹni tó ń lo ṣingọ́ọ̀mù nicotine tàbí èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara yóò rí ìyípadà kan náà. Èkejì ni pé CYP1A2 ló ń tú kaféènì inú kọfí palẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó jáwọ́ nínú sìgá tí kò dín kọfí rẹ̀ kù lè rí i pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n, òun kò sì rí oorun sùn, kí ó máa rò pé taba ló ń pe òun padà, nígbà tó jẹ́ pé kaféènì ló pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé ohun tó dára ló ṣe, kí ó má sì ṣe padà. Oògùn ni a ń tún wọ̀n fún ènìyàn, a kì í mu sìgá nítorí oògùn.

Kì í ṣe èéfín sìgá nìkan ló ń jí ẹ́ńsáìmù yìí. Ní ọdún 1976, Allan Conney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn tó jẹ ẹran màlúù tí a sun lórí èédú fún ọjọ́ mélòó kan ní phenacetin, oògùn ìrora kan tí wọ́n gbé mì, díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n jẹ ẹran tí èédú kò kàn lọ.

Ìbéèrè: A ti kọ́ láti kékeré pé iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni láti pa oró májèlé. Bí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, kí ló dé tí èéfín fi ń fa jẹjẹrẹ, tí oògùn apakòkòrò sì ń pa ènìyàn?

Ìdáhùn: Ohun tí a kọ́ wa yẹn jẹ́ òótọ́ dé àyè kan, àyè náà kò sì gùn tó bí a ṣe rò. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni láti yí àlejò padà kí ó lè jáde; kò sí ẹni tó ṣèlérí pé ohun tó bá yí i sí kò ní ju ti àkọ́kọ́ lọ ní oró. Nígbà mìíràn, ara wa fúnra rẹ̀ ló ń pọ́n idà tí a fi ń gún un.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ èéfín. Ní ọdún 1775, Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní London, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ awọ ẹpọ̀n tó ń ṣe àwọn tí wọ́n ti ń gun inú ihò èéfín ilé láti kékeré láti gbá ẹ̀ẹ́dú rẹ̀ dànù. Ní ọdún 1915, Katsusaburo Yamagiwa àti Koichi Ichikawa ní Japan ròyìn bí wọ́n ṣe fi ọ̀dà èédú pa etí ehoro léraléra títí jẹjẹrẹ fi yọ níbẹ̀. Ní ọdún 1933, àwọn olùwádìí ní London yọ benzo[a]pyrene jáde láti inú ọ̀dà èédú, wọ́n sì fi hàn pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ohun tó ṣòro láti lóye nígbà náà ni pé benzo[a]pyrene fúnra rẹ̀ kì í yára bá nǹkan jà; bí a bá fi í sí ẹ̀gbẹ́ DNA, ohun tó gbé àbùdá wa, lásán, kò ní ṣe é ní nǹkan kan tó pọ̀. Àṣé ara ni yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. CYP1A1 á kan ọ̀sígínì mọ́ ọn, ẹ́ńsáìmù mìíràn, epoxide hydrolase, á fi omi ṣí ojú yẹn, CYP1A1 á tún padà wá kan ọ̀sígínì kejì mọ́ ọn, ohun tó bá jáde lẹ́yìn èyí ni yóò wá lẹ̀ mọ́ DNA pinpin. Bí sẹ́ẹ̀lì kò bá rí i túnṣe kí ó tó pín sí méjì, àṣìkọ ti wọ inú àbùdá nìyẹn. Ẹ sì rántí pé èéfín tó gbé benzo[a]pyrene wọlé kan náà ló ń mú kí CYP1A1 pọ̀ sí i.

Ti oògùn apakòkòrò kan, parathion, kò yàtọ̀. Èyí tó wà nínú ìgò kò lágbára tó èyí tí ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ dà. Ẹ́ńsáìmù P450 á yọ imí ọjọ́ inú rẹ̀ kúrò, á fi ọ̀sígínì rọ́pò rẹ̀, paraoxon á sì jáde, òun ló ń so acetylcholinesterase mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù yìí ni láti paná ìránṣẹ́ tí iṣan ìmọ̀lára ń rán. Bí kò bá sí, ìránṣẹ́ kò ní dáwọ́ dúró, itọ́ àti òógùn á máa dà, iṣan á máa gbọ̀n, èémí á sì dí.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ilé jù lọ ni parasítámọ̀. Ní ìwọ̀n tó tọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba ọ̀nà glucuronic acid àti sulphate jáde láìsí wàhálà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni CYP2E1, ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ P450, ń sọ di ohun olóró kan tó ń jẹ́ NAPQI, glutathione inú ẹ̀dọ̀ sì ń gbá a mú lójú ẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá lo àpọ̀jù, ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ á kún, NAPQI á pọ̀, glutathione á tán, ohun tó ṣẹ́ kù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ìdí nìyí tí ilé ìwòsàn fi ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní acetylcysteine, èyí tí ara fi ń ṣe glutathione tuntun, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ó wọlé láàárín wákàtí 8. Ẹni tó lo àpọ̀jù lè máà ní ìrora púpọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dúró de ìrora kí ẹ tó gbé e lọ.

Ìbéèrè: Báwo ni ẹ̀yin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń mọ gbogbo èyí? Ṣé ènìyàn ni ẹ ń fún ní májèlé ni?

Ìdáhùn: Rárá o, òfin kò gbà á, ẹ̀rí ọkàn wa kò sì gbà á. Ẹ̀dọ̀ tí a yọ̀ǹda fún ìwádìí ni a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀. A óò gé e kéékèèké, a óò lọ̀ ọ́ sínú omi iyọ̀ tó tutù, orí yìnyín ni ohun gbogbo sì ń wà, nítorí pé ẹ́ńsáìmù tí ooru bá mú yóò kú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí bírí á kọ́kọ́ fi agbára tó tó ìlọ́po 9,000 agbára òòfà ilẹ̀ fa èyí tó wúwo sísàlẹ̀. A óò da omi òkè sínú ìgò mìíràn, a óò sì tún yí i ní ìlọ́po 100,000 fún bíi wákàtí kan. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró, ohun kan tó rọ̀, tó pupa rúsúrúsú, á ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò. Microsome nìyẹn, inú rẹ̀ ni cytochrome P450 wà, ó sì lè pẹ́ nínú fìríìjì tó tutù dé ìdíwọ̀n 80 sí ìsàlẹ̀ òdo.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, a óò fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú omi tó móoru tó ara ènìyàn, ìyẹn ìdíwọ̀n 37, a óò fi oògùn sí i, a óò sì fi NADPH sí i, nítorí pé láìsí NADPH, P450 kò lè ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà lọ, a óò máa bu díẹ̀díẹ̀ ní àkókò tí a ti pinnu, a óò máa dà á sínú acetonitrile tutù kí iṣẹ́ lè dúró síbẹ̀, ẹ̀rọ mass spectrometer á sì sọ iye oògùn tó ṣẹ́ kù fún wa àti ohun tí ìyókù ti yí padà sí. Lẹ́yìn èyí ni a óò tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwọ̀n kín-ún lára májèlé àyíká nínú ìgò, kí a lè fi ìkínní wé ìkejì. Ìgò kan máa ń wà tí a kì í fi NADPH sí. Bí oògùn bá dín kù nínú ìgò yẹn, a mọ̀ pé nǹkan mìíràn ló ń tú u palẹ̀, a kò sì ní gba èsì ọjọ́ náà gbọ́. Èmi a máa kọ́kọ́ wo èsì ìgò yìí kí n tó wo èyíkéyìí mìíràn.

A tún ń lo bakitéríà. Àyẹ̀wò tí Bruce Ames àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1973 ń po kẹ́míkà mọ́ èròjà ẹ̀dọ̀ eku, kí a lè mọ̀ bóyá ohun tí ẹ̀dọ̀ bá sọ ọ́ dà yóò yí àbùdá bakitéríà padà. Kí ẹ̀dọ̀ eku náà lè ní ẹ́ńsáìmù tó pọ̀ tó, Aroclor 1254 ni ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí fi ń jí i tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àdàlù àwọn PCB ni, àwọn kẹ́míkà iléeṣẹ́ olóró tí Àdéhùn Stockholm ọdún 2001 fẹ́ kí ayé bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí iṣẹ́ wa ti ń dùn mí ni pé ìgò kan, kẹ́míkà kan, oògùn kan ni a sábà máa ń dán wò, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń mí kẹ́míkà kan ṣoṣo sínú. Mo gbà pé àdàlù wọn ló yẹ kí a túbọ̀ dojú kọ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà lọ́ra, tó sì ṣòro láti túmọ̀ èsì rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo rí oògùn tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, tó sì ń kó gbogbo májèlé inú ara dànù. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Kò sí oògùn kan tó ń kó gbogbo májèlé dànù, nítorí pé ibi tí májèlé kọ̀ọ̀kan ń sá pamọ́ sí yàtọ̀ síra. Òjé ń wọ inú egungun, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dioxin ń wọ inú ọ̀rá. Fún òjé tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn oògùn bíi succimer wà tó ń gbá a mú, ṣùgbọ́n lábẹ́ ojú dókítà àti lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a ń lò wọ́n, nítorí pé wọ́n lè kó èròjà tí ara nílò lọ pẹ̀lú.

Bí ìtọ́jú tòótọ́ ṣe ń rí nìyí. Ní ìlú Hopewell, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe chlordecone, oògùn apakòkòrò, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n sì ń rù, títí wọ́n fi ti iléeṣẹ́ náà pa ní ọdún 1975. Philip Guzelian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí, wọ́n sì rí i pé òróòro ń gbé chlordecone wá sínú ìfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfun ń fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń yí po láìjáde. Wọ́n wá fún àwọn òṣìṣẹ́ náà ní cholestyramine, lẹ́búlẹ́bú kan tí wọ́n ti ń lò fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń di kẹ́míkà náà mú nínú ìfun kí ó má baà lè padà. Àkókò tí ìdajì chlordecone fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ dín kù láti nǹkan bí ọjọ́ 165 sí nǹkan bí ọjọ́ 80, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ ní ọdún 1978. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọ́n kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí májèlé náà ń tọ̀ kí wọ́n tó wá ohun tó lè dè é. Ẹni tó ń ta oògùn fífọ ẹ̀dọ̀ fún yín kò mọ irú májèlé tó wà lára yín, mélòómélòó ni ọ̀nà tó ń tọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀?

Ìdáhùn: Ó yàtọ̀ gan-an. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lè ṣe iṣẹ́ ìpele kejì bó ti yẹ. Nítorí èyí ni chloramphenicol, oògùn tó ń pa bakitéríà, fi pa àwọn ọmọ tuntun kan ní àwọn ọdún 1950, tí àwọ̀ ara wọn kọ́kọ́ di eléérú. Ìfun ọmọdé sì ń fa òjé sínú ẹ̀jẹ̀ ju ti àgbàlagbà lọ, bẹ́ẹ̀ òjé ń dí ọ̀nà tí ara fi ń ṣe heme, èyí tí ẹ̀jẹ̀ àti cytochrome P450 jọ nílò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ pé kò léwu. Ẹ má ṣe gé oògùn àgbà sí méjì fún ọmọdé.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ fífọ́n oògùn apakòkòrò ni mò ń ṣe, wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi láìpẹ́. Dókítà kò bi mí léèrè nípa iṣẹ́ mi. Ṣé ó yẹ kí n sọ?

Ìdáhùn: Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Ẹ mú ìwé ara ìgò oògùn náà dání, nítorí pé orúkọ tí ẹ fi ń pè é láàárín ara yín lè má jẹ́ orúkọ kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ fọ́n ọn kẹ́yìn, bóyá ẹ máa ń fi aṣọ àti ìbọ̀wọ́ bo ara, bóyá orí ti fọ́ yín rí tàbí tí ojú yín ti ṣú lẹ́yìn iṣẹ́.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn nínú ọ̀rọ̀ tiyín ni pé àwọn oògùn apakòkòrò ọ̀wọ́ organophosphate, tí parathion tí mo mẹ́nu bà lókè wà lára wọn, tún máa ń so ẹ́ńsáìmù mìíràn mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, butyrylcholinesterase. Ẹ́ńsáìmù yìí ló ń tú succinylcholine palẹ̀, oògùn tí àwọn tó ń kun ènìyàn lóorun máa ń lò láti mú kí iṣan rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n lè fi páìpù èémí sọ́fun. Bí ẹ́ńsáìmù náà kò bá tó, iṣan á wà ní rírọ̀ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, aláìsàn kò sì ní lè mí fúnra rẹ̀ títí oògùn yóò fi kúrò. Dókítà tó bá ti mọ̀ ṣáájú lè yẹ ìwọ̀n cholinesterase inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, ó lè sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú bí kò bá jẹ́ kánjúkánjú, tàbí kí ó lo oògùn mìíràn, bíi rocuronium, tí kò nílò ẹ́ńsáìmù yẹn. Kí ẹ sì dẹ́kun fífọ́n oògùn náà láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ka ìdáhùn yìí títí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán.